Revolver tí wọ́n gé lọ́pàá: mi ò rà á mọ́

Ẹ ṣé fún ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ará. Smith & Wesson Model 10 àlòkù (ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí) tí mo ní wọ́n fẹ́ tà fún mi níbí ní Texas, tí mo bi yín bóyá kí n rà, èyí tí wọ́n gé ọ̀pá ìbọn rẹ̀ kúrú, mi ò rà á mọ́.

Alágbẹ̀dẹ ìbọn bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tan iná sí ẹnu ọ̀pá náà: ojú ibi tí ayùn gbà wọ́, ó sì rí ṣákiṣàki. Ibẹ̀ ni ọta ti ń jáde, bí kò bá dọ́gba, ọta á yà bàrá ni. Èyí tó burú jù wà lábẹ́ ọ̀pá. Níbẹ̀ ló yẹ kí orí irin tí ń ti ìkarahun ọta jáde há sí, kí àgbá tó ń yí má baà mì. Wọ́n ti gé ibẹ̀ dànù! Ẹ̀yìn nìkan ló kù tó dì í mú.

Ẹni tó ń tà á ní òun á dín owó kù. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n pààrọ̀ ọ̀pá, ẹ ṣeun, àmọ́ owó ọ̀pá àti owó iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odindi ìbọn míì. Mo ti rí òmíràn, ọ̀pá ínǹṣì 4, tí ẹnikẹ́ni ò fi ayùn kàn, lọ́wọ́ oníṣòwò tó níwèé àṣẹ. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń ra ìbọn lọ́wọ́ irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ń kọ, ìbọn náà sì ti délé.