₦40,000 lóṣooṣù fún ọdún 15: ṣíà ni kí n rà ni, àbí mutual fund?

Olùkọ́ Nofórìjà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èpé nílé lóko. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mí. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìta-Ọ̀pọ̀ sí Àjáh. Ọmọ méjì la bí, àgbà wọn wà ní kíláàsì kẹta. Lẹ́yìn oúnjẹ, owó ilé àti owó alájẹṣẹ́kù, mo lè yọ ₦40,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù, màá sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 15 bí Ọlọ́run bá fẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ₦600,000 tí a pín ní alájẹṣẹ́kù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí owó yìí rán àwọn ọmọ lọ sí yunifásítì, kí èyí tó bá ṣẹ́kù wá dúró tì mí tí mo bá fẹ̀yìn tì.

Ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù létí mi. Àbúrò ọkọ mi ní kí n ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Odómọlà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí ṣíà báǹkì, ìyẹn ìpín tèèyàn máa ń rà nínú ilé iṣẹ́. Ẹlòmíràn fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi lórí Telegram, wọ́n ní ó ń san ìdá 30 nínú 100 lóṣù kan. Ṣíà ilé iṣẹ́ wo ni kí n rà? Àbí mutual fund ló yẹ irú èmi? Báwo ni kí n ṣe pín in?

Ọmọ Pókà:
Àǹtí, ẹ kúrò lórí Telegram yẹn lónìí. Kò sí òwò tó mọ́ tó ń san ìdá 30 lóṣù. Ẹ rántí MMM, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ti owó mọ́lé ní oṣù Kejìlá 2016 nígbà tí àwọn èèyàn ń múra ọdún. Òfin ìdókòwò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹni yẹn kò ní í dá owó yín padà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá yín fowó ṣòwò, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò:
Tíṣà, ẹ kú ìrònú. Ẹja ni mo ń tà ní Ọjà Olúwo, láti ìdájí ni mo ti máa ń wà níbẹ̀. Mi ò ráyè máa wo ṣíà tó gòkè àti èyí tó já. Ìyẹn ni mo fi yan mutual fund. Wọ́n á kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ SEC á fi ra oríṣiríṣi ṣíà tàbí bọ́ńdì, ìyẹn ìwé tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú. Kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó ń ra nǹkan wọ̀nyí ni dúkìá náà ń wà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni trustee tó ń ṣọ́ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ wọn lọ́dún kí ẹ tó wọlé. Ẹ jèrè o, ẹ ò jèrè o, wọ́n á gbà á. Láàárín ọdún 15, ìyàtọ̀ ìdá kan péré nínú 100 á ti di owó gidi.

Gbogbo wọn kò sì rí bákan náà. Money market fund ń yá ìjọba àti báǹkì lówó fún ìgbà kúkúrú, kì í sáábà mì, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó lè jẹ èrè rẹ̀ tán. Equity fund ni ti ṣíà, ó lè já gan-an lọ́dún kan kó tún gòkè lọ́dún kejì. Ẹni tó ní ọdún 15 níwájú kò yẹ kó torí ìbẹ̀rù kó gbogbo owó sí money market.

Ọmọ Ejìnrìn:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ilẹ̀ ni ohun ìní. Ẹni tó ra ilẹ̀ lágbègbè wa yìí kí wọ́n tó kọ́ ilé ìfọpo Dangote, ẹ lọ bi í léèrè iye tó ń jẹ́ lónìí.

Ìyá Ìbejì Ayétòrò:
Òótọ́ ni. Ẹ bi àwọn tí ọmọ onílẹ̀ ta pulọ́ọ̀tì kan fún pẹ̀lú ẹni méjì mìíràn náà. Tí owó yunifásítì bá dé lọ́sẹ̀ yìí, ta ló máa ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ́wọ́ tíṣà lọ́sẹ̀ yìí? Ẹni tó bá ti ní owó púpọ̀ lè fi ilẹ̀ kún un. Ìdókòwò àkọ́kọ́ kọ́.

Bàbá Mòjódá:
Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti wà nínú ọjà ṣíà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ìwé ẹ̀rí ṣíà ránṣẹ́ síni nílé ìfìwéránṣẹ́. Fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ṣíà wa kọjá 66,000. Kò ju bí ọdún kan lọ tó fi já wá sí nǹkan bí 20,000. Ọdún 2023 ló tó padà síbi tó wà. Ọdún 15 gbáko, iye ọdún tí ìwọ náà dá yìí! Náírà tó sì padà dé lọ́dún 2023, kò lè ra ohun tí ti 2008 rà. Àwọn tó yá owó báǹkì láti fi ra ṣíà ló jìyà jù, torí ṣíà já, gbèsè ò já. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù láàárín ìgbà yẹn, tó tún ń fi dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, ra òmíràn, ìgbà tí owó ṣíà wálẹ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù jọ. Nítorí náà ₦40,000 rẹ lóṣooṣù dùn mọ́ mi ju kó o ní owó ńlá kan tí o fẹ́ dà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kó o kó gbogbo rẹ̀ sí báǹkì ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ 2011, CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Spring Bank àti Bank PHB. Owó àwọn oníbàárà kò sọnù, ṣùgbọ́n ṣíà di òfo mọ́ àwọn tó ni ín lọ́wọ́. Mi ò ní báǹkì ò dára, dífídẹ́ǹdì wọn ń dé ọ̀dọ̀ mi. Àmọ́ apẹja tó mọṣẹ́ kì í na gbogbo àwọ̀n rẹ̀ sójú omi kan.

Wo oríṣiríṣi òwò: símẹ́ńtì bíi Dangote tàbí BUA, epo pupa bíi Okomu àti Presco, ìbánisọ̀rọ̀ bíi MTN, epo rọ̀bì bíi Seplat àti Aradel. Má ra èyíkéyìí nítorí pé orúkọ rẹ̀ tóbi. Àwọn ará Èpé ò ṣíwọ́ ìpè lórí fóònù ní 2023, wọn ò sì ṣíwọ́ Maggi, síbẹ̀ MTN Nigeria àti Nestlé Nigeria pàdánù owó rẹpẹtẹ lọ́dún náà. Gbèsè dọ́là ni, nígbà tí náírà wó lulẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Nítorí náà, tí o bá ṣí ìwé ìṣírò ilé iṣẹ́ kan, má wo èrè nìkan. Wo ohun tó jẹ ní gbèsè àti irú owó tó fi jẹ ẹ́.

Alhaja Òkè-Balógun:
Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó bi tíṣà ní ìbéèrè kan. Ṣé Mùsùlùmí ni yín, ṣé ẹ sì fẹ́ sá fún èlé? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lójú èyí tí ẹ máa mú nínú ìmọ̀ràn òkè yìí.

Olùkọ́ Nofórìjà:
Mùsùlùmí ni mí, Alhaja. Mo fẹ́ kó mọ́.

Alhaja Òkè-Balógun:
Ó dáa. Money market fund lásán ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn, àti ṣíà àwọn báǹkì tó ń gba èlé, àti ilé iṣẹ́ ọtí. Ẹ má bẹ̀rù, ohun tó kù ṣì pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti ń ta Sukuk, tó dà bíi bọ́ńdì ṣùgbọ́n tí kò ní èlé, láti 2017, ₦100 bílíọ̀nù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ ṣe. ₦10,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń san owó háyà fún ẹni tó rà á. Fund tó mọ́ náà wà: Lotus Capital ní ti ṣíà, ó tún ní èyí tí kì í mì púpọ̀, Stanbic IBTC sì ní Imaan Fund. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló ń yẹ ohun tí wọ́n ń rà wò.

Lára èyí tí Bàbá kà sílẹ̀, símẹ́ńtì, epo pupa àti ìbánisọ̀rọ̀ kò ní òwò èèwọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n tí gbèsè èlé ilé iṣẹ́ kan bá pọ̀ jù, àwọn onímọ̀ á yọ ọ́. Ọdọọdún ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Pókà:
Àǹtí, tí ẹ bá fẹ́ ra ṣíà fúnra yín, alágbàtà tí SEC fọwọ́ sí ló máa ṣí àkáǹtì fún yín, BVN àti ìwé ìdánimọ̀ ló máa béèrè. Orúkọ yín ni ṣíà náà máa jẹ́ ní CSCS, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ṣíà kọ̀ọ̀kan. Bí alágbàtà bá kógbá sílé lọ́la, ṣíà yín wà níbẹ̀. Ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù e-dividend lọ́jọ́ náà gan-an, kí dífídẹ́ǹdì lè máa wọ báǹkì yín tààrà. Ìjọba á ti yọ ìdá 10 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí owó orí.

Olùkọ́ Nofórìjà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo rò rèé: nínú ₦600,000 yẹn, ₦300,000 á wà nínú fund tó mọ́ tí kì í mì púpọ̀, torí pé tí bọ́ọ̀sì ọkọ mi bá bàjẹ́, a gbọ́dọ̀ jẹun. ₦300,000 yòókù á dúró de Sukuk tó bá tún jáde. Nínú ₦40,000 tòṣooṣù, ₦30,000 á lọ sí fund ṣíà tó mọ́, èmi á máa kó ₦10,000 jọ fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí n tó ra ṣíà ilé iṣẹ́ kan. Bàbá, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Mòjódá:
Ó dáa, ọmọ mi. Tí ó bá ku ọdún mẹ́ta kí àgbà wọn wọ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò nínú ṣíà díẹ̀díẹ̀, kó sinmi níbi tí kò ti mì. Má ṣe dúró di ọdún tí wọ́n ń béèrè owó. Kó o sì kọ orúkọ arọ́pò rẹ síbi gbogbo, kí ọkọ rẹ mọ orúkọ alágbàtà yín àti nọ́ńbà CSCS rẹ.

Olùkọ́ Nofórìjà:
Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, sà. Lọ́jọ́ Ajé ni màá pe àwọn alágbàtà méjì tí mo rí lórí ìkànnì SEC.