CRP mi ò ga ṣùgbọ́n inú ṣì ń run mí, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Abẹ́ní_K
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Crohn's, àìsàn tó ń mú ìfun wú tó sì ń dá egbò sí i, ló ń bá mi fínra, ìparí ìfun kékeré ló wà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, CRP, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga tí ibì kan bá ń wú nínú ara, jáde ní 3, láàbù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé tí ò bá ti tó 5 kò sí wàhálà, ESR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì tí wọ́n fi ń wo wíwú ara, náà ò ga, dókítà wo pépà ó ní ara ti balẹ̀. Ara wo ló balẹ̀? Inú ń run mí lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, mò ń dìde lóru lọ yàgbẹ́, ó sì ń rẹ̀ mí débi pé àtigun àtẹ̀gùn ti di iṣẹ́ ńlá. Ṣé èmi ni mò ń rò ó sí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn.

BàbáLáàbù
Àbúrò, o ò rò ó sí o. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP, kì í ṣe ìfun. Tí ibì kan bá ti ń wú nínú ara, ìbáà jẹ́ ìfun, ìbáà jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, IL-6, èròjà kan tí ara fi ń ránṣẹ́, á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, ìgbà yẹn ni ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú CRP jáde. Ó ń tètè gòkè, ó sì ń tètè wálẹ̀, láàárín nǹkan bíi wákàtí 19 ìdajì rẹ̀ á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ gbogbo èèyàn kọ́ ló ń dáhùn bákan náà, àbímọ́ ni fún àwọn kan, egbò á wà ní ìfun wọn CRP ò ní mira rárá, àwọn tí Crohn's tiwọn mọ sí ìfun kékeré nìkan pọ̀ nínú wọn. ESR ní tiẹ̀ máa ń falẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún, ọjọ́ orí, gbogbo ẹ̀ ló ń tì í sókè.
Lọ wá pépà ìgbà tí àìsàn yẹn kọ́kọ́ le. Mélòó ni CRP ẹ nígbà yẹn? Tó bá ga gan-an nígbà náà, 3 tìsinsìnyí ní ìtumọ̀. Tí ò bá ga, má gbára lé e.

ÌyáDámi
Abẹ́ní pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ oru yẹn ká mi lára. Ulcerative colitis, èyí tó ń mú ìfun ńlá wú, ni tèmi, CRP tiwa kì í sábà ga bíi ti Crohn's àfi tó bá le. Àyẹ̀wò calprotectin inú ìgbẹ́, èròjà tó ń fi hàn bóyá ìfun ń wú, ni kó o béèrè, wọ́n á fún ẹ ní ìgò kékeré tó ní ṣíbí lára ìdérí. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni calprotectin ti ń wá, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá rọ́ wọ ìfun á bá ìgbẹ́ jáde. Tí ò bá tó 50 ó dáa, tó bá kọjá 250 ìfun sábà máa ń wú lóòótọ́, àárín méjèèjì wọ́n á tún un ṣe. Má lo ibuprofen o, ó lè gbé e ga.
Ti rírẹ̀ yẹn, ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ẹ bóyá ó tó, pẹ̀lú ferritin, tó ń fi áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pa mọ́ hàn, àti fítámì B12, torí ìparí ìfun kékeré yẹn gan-an ni ara ti ń gba B12. Ferritin sì máa ń ga tí ara bá ń wú, ó lè jọ pé ó dáa kí áyọ́ọ̀nù má sì tó.

Abẹ́ní_K
Ẹ ṣé mà. Ẹ̀gbọ́n, mo rí pépà náà, nígbà tí kámẹ́rà rí egbò káàkiri ibẹ̀, 6 péré ni CRP mi! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí.

BàbáLáàbù
Ó ti yé wa nìyẹn. Mú pépà méjèèjì lọ bá dókítà, fi hàn án, kó ṣe calprotectin, kí wọ́n sì wo ìgbẹ́ bóyá kòkòrò wà ńbẹ̀. Tí ìyẹn náà bá wálẹ̀ tí ìrora ò lọ, kó ṣe MRI ìfun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, torí ojú egbò tó ti jinná lè fún ìfun pa, òróòro tí ìfun ò gbà padà náà sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n tí inú bá wú, tó o ń bì, tí afẹ́fẹ́ ò jáde nídìí, má dúró de àyẹ̀wò kankan, ilé ìwòsàn lọ́gán.