Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì l'Ókè Ọya, kí lojú yín ti rí?

Tíṣà Kubwa

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo gbé wá lónìí, ìyẹn a ti sọ ọ́ títí, ó ti sú wa. Iṣẹ́ gan-an ni mo fẹ́ ká sọ: Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lápá ibí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà kí iṣẹ́ tó gbé ọkọ mi wá sí Abuja. Ní Ìbàdàn, kí n tó wọ kíláàsì Oral English ni mo ti mọ ibi tí ọmọ máa kọsẹ̀ sí. Kò sí z nínú Yorùbá, nítorí náà "zinc" àti "sink" kò yàtọ̀ lẹ́nu wọn. "Church" á di "shursh", "van" á di "fan". Gbogbo ohun tí mo ti tò jọ láti fi kọ́ wọn, orí èyí ló dá lé. Mo dé Kubwa, mo kọ "zip", "zero", "cheese" sí bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n máa pè é tẹ̀ lé mi. Geere ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Hausa kan níwájú ń wò mí bíi pé kí ló ṣe Aunty yìí. Hausa ní z, ó ní ch, kí ni mo tún ń kọ́ wọn? P àti f ni wàhálà tiwọn. "Fifty people" á jáde bíi "pipty feofle". V á di b, "eleven" á di "eleben".

Mo wá ń so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, ọmọ Yorùbá kan, ọmọ Hausa kan. Ẹni tó ní z á kọ́ ẹni tí kò ní, ẹni tí f rọ̀ lọ́rùn á ṣe bákan náà. P nìkan ni mi ò fi lé ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, torí p tiwa kì í ṣe p òyìnbó, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n la jọ fi ń pe tiwa. Ìyẹn, èmi fúnra mi ni mò ń mú un. Ariwo kíláàsì náà máa ń pọ̀, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi á ní mo ti sọ ilé ìwé di ọjà Wuse. Kò kàn mí.

Nínú àròkọ, ibi tí oníkálukú ti wá tún máa ń hàn. Ọmọ tiwa á kọ "my mother" sókè, á fi "he" tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, torí "ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. Hausa ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, nítorí náà àwọn ọmọ wọn kì í ṣi ti ìyá wọn kọ. Ṣùgbọ́n nínú Hausa, mọ́tò náà abo ni! Ẹ ó wá rí i nínú ìwé wọn: "The car stopped and she refused to move." Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọmọ Yorùbá kan tó kọ ọ́ pé, "My daddy, they have travelled to Lokoja." Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, kò lè pe bàbá rẹ̀ ní ẹyọ kan. Ta ni yóò wá ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ń máàkì WAEC? Nínú máàkì 50 tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àròkọ, 10 wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì, ìdajì máàkì ni wọ́n sì ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Irú àwọn ohun kéékèèké yìí ló ń jẹ 10 yẹn tán.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín.

Ìyá Barakat, Kaduna

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ ní tèmi, ilé ìwé obìnrin.

Ìwé eré Ṣóyínká, The Lion and the Jewel, wà lára èyí tí WAEC yàn fún 2021 sí 2025. Ẹnikẹ́ni á rò pé tíṣà Yorùbá á kàn rọra jẹ ẹ́ bí àkàrà ni. Ìlú Yorùbá ni Ilujinle, mo mọ baálẹ̀, mo mọ owó orí ìyàwó. N kò kúkú mọ ohun tó ń dúró dè mí.

Ẹ rántí pé Lakunle, tíṣà abúlé yẹn, fẹ́ fẹ́ Sidi ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní san owó orí, ó ní àṣà àwọn ará ìgbà láéláé ni. Sidi ní tí kò bá san án, àwọn ará ìlú á sọ pé kì í ṣe wúńdíá ni òun. Nígbà tí mo kàwé yìí ní Ìbàdàn, ìdajì kíláàsì wa ló wà lẹ́yìn Lakunle, a ní ọ̀làjú ni. Ní Kaduna, mi ò rí ẹyọ ọmọ kan tó gbè é. Sadaki, ìyẹn owó tí ọkọ ń san fún ìyàwó, ẹ̀tọ́ ìyàwó fúnra rẹ̀ ni nínú ẹ̀sìn Islam, òun ni wọ́n ń kó o lé lọ́wọ́, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Nítorí náà lójú wọn, Lakunle kò gbógun ti àṣà kankan, ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin ló fẹ́ jẹ mọ́lẹ̀. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá dìde, ó ní, "Malama, kò ní owó ni, ó ń fi ìwé bojú." Ẹ gbà mí! Mo ti ka oríṣiríṣi nóòtù lórí eré yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́ ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Ti Baroka, baálẹ̀ Ilujinle, tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 62, ìyàwó kún ilé, ó tún ń wá Sidi. Mo ti múra láti gbọ́ "háà!", àwọn ọmọ yìí ní kí ló burú níbẹ̀, bí ó bá ti lè bọ́ wọn. Irọ́ tó pa ni wọ́n bínú sí. Irọ́ náà gan-an ló sì fẹ́ kó bá mi, torí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí Baroka sọ fún Sadiku, ìyálé rẹ̀, nípa ara rẹ̀, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, Alhaji onírùngbọ̀n. Mo ní "ó sọ pé agbára òun ti tán", mo sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Gbogbo kíláàsì fi híjáàbù bo ẹnu. Ó ti yé wọn kí n tó sọ ọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tíṣà tuntun: ẹ má fojú kéré wọn lórí ewì. Islamiyya ni wọ́n ń lọ lọ́sàn-án, wọ́n sì ti há Kùránì sórí láti kékeré. Fún wọn ní ewì lónìí, lọ́la wọn á kà á láìwo ìwé, ohùn á sì dùn. Ibi tó ti ń le ni tí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí akéwì fi sọ báyìí. Wọ́n á dákẹ́. Ṣíṣàlàyé ọ̀rọ̀ iyebíye, iṣẹ́ àgbà onímọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ọmọdé kì í dá a ṣe. Ó gbà mí ní tààmù kan gbáko kí wọ́n tó gbà pé èèyàn lè bá akéwì jiyàn, kò sì ní di ẹ̀ṣẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ Ìgbà Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé nínú kíláàsì, ẹ ṣọpẹ́ o. Abúlé kan ní Katsina ni wọ́n gbé mi sí. SS 2, ìwé kan ṣoṣo, tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ka ìlà kan já. Mo pa scheme of work tì. "Ina kwana" nìkan ni mo mọ̀ ní Hausa, nítorí náà àwọn á sọ ìtàn ní Hausa, èyí tó gbọ́ díẹ̀ á túmọ̀ fún mi, èmi á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí bọ́ọ̀dù, òun la ó sì kà. Ìtàn tiwọn ni, nítorí náà wọ́n fẹ́ kà á.

Ìdí nìyí tí orí mi fi gbóná nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2025, tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́léósinmi lọ. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ láti ọjọ́ kìíní, báwo ló ṣe fẹ́ kọ àròkọ ní SS 3?

Tíṣà Kubwa

Àbúrò, mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wá wo kíláàsì mi: Yorùbá, Igbo, Hausa, Gbagyi, Tiv. Abínibí ta ni kí n mú? Katsina lè ṣe é. Abuja ńkọ́?

Àgùnbánirọ̀ Ìgbà Kan

Ẹ jẹ́ kí Katsina ṣe tirẹ̀ nígbà náà, mà. Kí ló dé tí òfin kan fi gbọ́dọ̀ kárí?

Bàbá Sabon Gari

Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Kano ni wọ́n bí mi sí, Kano ni mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

Ìyá Barakat, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé àwọn ọmọ ò fẹ́ràn ìwé kíkà, èmi ò gbà á rí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ lítíréṣọ̀, ìwé wà lábẹ́ tábìlì wọn. Littattafan soyayya, àwọn ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Hausa tí wọ́n sì ń tà lọ́jà Kano láti bí ogójì ọdún. Ọmọbìnrin kan á rà á, yóò sì yí gbogbo kíláàsì ká títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ya. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń gbà á, wọ́n ń fà á ya. Ní 2007 wọ́n tilẹ̀ dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní Kano.

Èmi ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì. Mo ní, "Sọ ọ́ fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì." Ta ni ìtàn dá lé? Kí ni ìyàwó àgbà ń fẹ́ tí ìyàwó kékeré kò jẹ́ kó rí? Ìgbà wo ni òǹkọ̀wé padà sẹ́yìn láti sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ wọn ní plot, conflict àti flashback, ká tó ṣí ìwé WAEC. Nígbà tá a bá dé ìwé òyìnbó tí ilẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí wọn, wọ́n ti ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan wá fẹ̀sùn kàn mí pé mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣekúṣe. Mo ní kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹnì kan ló wá, òun náà ló ní kí n yá òun ní apá kejì.

Aunty Lugbe

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o 😂

Summary ni tèmi. Máàkì 30, àwọn ọmọ á kàn da àyọkà kọ bó ṣe wà, WAEC kì í sì í fún adàwékọ ní nǹkan kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi: kà á, pa ìwé dé, sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì ẹ́ ní èdèkédè tó bá wù ẹ́, kí o tó wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé lójú, kí ló fẹ́ dà kọ?

Òbí kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Aunty, ṣé kò sí ètò kankan fún ọjọ́ ìdánwò?" Ẹ kúkú mọ irú ètò tó ń wí. Mo ní ètò wà, sà, kí ọmọ máa wá ní Saturday, àyọkà méjì méjì la ó máa ṣe. Ó ní òun á pè mí padà.

Ìyá Barakat, Kaduna

Kò ní pè, Aunty 😂

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi wá mẹ́ta nínú àwọn ìwé Hausa yẹn, èyí tí mo lè gbé wọ kíláàsì láìbẹ̀rù Alhaji ẹnu ọ̀nà? Ìwé tuntun ti WAEC fún 2026 kò tíì pọ̀ lọ́jà níbí, mo sì fẹ́ fi nǹkan bẹ̀rẹ̀ SS 1.

Bàbá Sabon Gari

Màá bá ọ wá a, ọmọ mi. Ìyàwó mi ló ń tọ́jú wọn, jẹ́ kó kà tọwọ́ rẹ̀ tán ná.