"Ìparí ìbọn" kọ́ o: ọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá ìbọn àti aró rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbólóhùn tí bọ̀dá wa tó ń gbé ní Texas ní kí a bá àwọn yẹ̀ wò. Ọmọ àbúrò wọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Yorùbá. Àkọlé tí wọ́n fún un ni "Bí a ṣe ń yọ àgbá ìbọn láìba ìparí rẹ̀ jẹ́." Ẹnìkan ti dá wọn lóhùn pé kí wọ́n fi "ọ̀dà" rọ́pò "ìparí", kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, kò tíì tán.

"Ìparí" ni kí a kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́nà. "Finish" ti Òyìnbó, ìyẹn àwọ̀ tó wà lára irin ìbọn, ni bọ̀dá túmọ̀ báyìí. Ìparí ìbọn, ibo nìyẹn wà? Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ẹnu ìbọn ni, níbi tí ọta ti ń jáde.

"Àgbá" ńkọ́? Mo mọ ibi tí bọ̀dá ti rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Òyìnbó fi ń pe àgbá epo àti irin gbọọrọ tó wà níwájú ìbọn. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbá tí kì í bá ṣe ti epo tàbí ti omi, odidi ìbọn ńlá ojú ogun ni. "Àgbá ìbọn" wá dà bí ìgbà tí èèyàn ní "ẹṣin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́". Àwọn kan ní "ẹnu ìbọn", wọ́n ń tọ́ka sí ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ṣùgbọ́n ibi tó ṣí síta nìkan là ń pè ní ẹnu. "Ọ̀pá ìbọn" ni mo fara mọ́: ó gùn, ó ní orí, ó ní ìdí, ìdí yìí gan-an ni wọ́n sì lọ́ wọ inú ilé ìbọn, irin tó di ọ̀pá mú.

Nínú ọ̀pá ráífù, wọ́n gé ilà tó ń lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu, kí ọta lè máa pòòyì bó ṣe ń lọ, kó má baà yà. Ṣakabùlà kò ní irú ilà bẹ́ẹ̀. Àwọn Èkìtìparapọ̀ ti yin ráífù nínú Ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ìró ìbọn ló sì sọ ogun náà lórúkọ, síbẹ̀ "ìbọn" lásán la ṣì ń pè é. "Ìbọn abilà" ń wù mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Lórí "yọ": à ń yọ ẹ̀gún, à ń yọ eyín. Ohun tí mẹkáníìkì bá lọ́ wọlé, títú ló ń tú u. Ìbọn Mauser ti Jámánì, ti ọdún 1898, tírẹ́ẹ̀dì (ilà tí a fi ń lọ́ ọ wọlé) 12 ló wà nínú íǹṣì kan ní ìdí ọ̀pá rẹ̀. Tí èyí bá ti wà lójú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ lásán tú u.

"Ọ̀dà" ló ká mi lára jù. Ohun tí a gbé láti ìta wá kùn sára nǹkan là ń pè ní ọ̀dà. Dúdú tó jọ aró tó wà lára ọ̀pá ìbọn, ara irin náà ló ti jáde. Ní ọ̀nà àtijọ́, wọ́n á fọ epo kúrò lára ọ̀pá, wọ́n á fi omi tó ní ásíìdì pa á, wọ́n á jẹ́ kó dógùn-ún. Tó bá ti pọ́n, wọ́n á sè é nínú omi tó ń hó, ìpáàrà pupa yẹn á di dúdú. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tó rọ̀ ha èyí tí kò lẹ̀ dànù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, léraléra, títí yóò fi dú bó ṣe yẹ. Tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ohun tó wá kù lára irin kò nípọn ju ìdá mélòó kan nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ewu tó wà nínú "ọ̀dà". Ọmọ tó bá kà á á ní, "Tó bá bó, màá tún un kùn." Á ki ọ̀pá ìbọn bọ fáìsì (irin tó ń di nǹkan mú pinpin), eyín irin á gé e jẹ, funfun á yọ, àwọ̀ tó bá sì fi dí i kò ní bá ti àtijọ́ mu. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé ọta kankan kò sí nínú ìbọn náà, kó gbẹ́ igi líle méjì tó bá ọ̀pá náà mu gẹ́lẹ́, kó nu epo kúrò lára ọ̀pá àti igi, kó bu ìyẹ̀fun oje igi gbígbẹ sáàárín wọn, kó tó wá dè é pinpin. (Ẹ má pe ìyẹ̀fun yìí ní "ẹ̀tù" o! A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ẹ̀tù ìbọn sórí fáìsì.) Tí ọ̀pá bá yọ̀ nínú igi bó ṣe ń fa sípánà, yóò yí, yóò sì ha ara rẹ̀ yípo.

Nítorí náà, "aró ìbọn" ni mo mú wá, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ "rírẹ irin láró". Ẹnìkan á ní aró náà, láti ìta ló ti ń wọ aṣọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ti bí mi, aláró sì ni ìyá mi. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, bí ewé tó ń pọ́n ló ń rí. Ìgbà tí atẹ́gùn bá bà á ló tó di aró. Atẹ́gùn yìí kan náà ló ń bá irin ṣe é. Àwọn méjèèjì sì ń ṣá níbi tí ọwọ́ bá ti ń kàn wọ́n jù.

Àkọlé tèmi rèé, bọ̀dá: "Bí a ṣe ń tú ọ̀pá ìbọn láìha aró rẹ̀." Ní ti igi ìdí ìbọn tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní ọ̀dà, n kò bá a jà.