Ṣé kí n ṣì máa bu oògùn àbúrò mi sínú ẹ̀kọ?

Àbẹ̀kẹ́ Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún ládùúgbò, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Òṣogbo la wà, iṣẹ́ aró ni màmá wa ń ṣe, òun náà ni èmi àti àbúrò mi kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi yìí, ọmọ ọdún 24, ló mọwọ́ jù nínú wa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tirẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya á, bó bá fa ìlà kan sórí aṣọ, ẹ ó rò pé rúlà ló gbé lé e. Lọ́dún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí àwa ò gbọ́. Ó ní àwọn ará ilé kejì ń sọ̀rọ̀ òun látinú ògiri. Kì í sùn. Lóru ọjọ́ kan ó da ìkòkò aró mẹ́ta nù sẹ́yìnkùlé, ó ní wọ́n ti bu nǹkan sí i láti fi pa òun. A gbé e lọ sí ilé àdúrà, a gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó fún un ní àgbo, ká tó gbé e dé ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Nígbà tó máa fi padà délé, ohùn náà ti lọ sílẹ̀, ó ń sùn, ó ń bá wa ṣeré.

Haloperidol ni wọ́n kọ fún un, hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́. Ó lò ó fún oṣù méjì, ló bá ní òun ò lò ó mọ́. Bí mo bá gbé e fún un, á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n, á jáde lọ tu ú dànù. Mo ṣa hóró mẹ́sàn-án lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo pe nọ́ọ̀sì kan níbi tá a ti ń gba ìtọ́jú. Ó ní, "Ẹ lọ̀ ọ́ sínú oúnjẹ ẹ̀ jàre." Kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi ìdí ife lọ oògùn, tí mò ń bù ú sínú ẹ̀kọ rẹ̀, tí mo sì ń fi ṣúgà bò ó. Láàárọ̀ àná ó gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ tọ́ ọ wò ná." Mo tọ́ ọ wò, mo gbé e mì. Òun náà sì mu ún. N kò fojú kan oorun mọ́jú.

Ṣé kí n máa bá a lọ ni? Bí mo bá sì jáwọ́, tí àìsàn náà bá padà ńkọ́? Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìtọ́jú yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Mo gbàgbé: ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n báyìí, itọ́ sì máa ń dà lẹ́nu rẹ̀ bó bá sùn. Màmá wa ní àìsàn náà ló ṣì ń bá a fínra.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àbẹ̀kẹ́, má dá ara rẹ lẹ́bi. Máa bù ú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí ẹni bù ú sí oúnjẹ fún un, ọ̀nà Ìkìrun la ti lọ mú un, kò wọ bàtà, kò wọ ẹ̀wù. Jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná, ìyókù á tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 31 ni mo fi tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọsibítù ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ ọ. Ìdí ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó o ti ní o gbàgbé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Haloperidol máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le gbagidi, itọ́ á máa dà, ojú á dàbí ojú ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Oògùn ló ń ṣe é, kì í ṣe àìsàn. Ọmọ tó jẹ́ pé ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń jẹun, tí ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n! Ta ló ti bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ lò ó?

Bí aláìsàn bá tu oògùn dànù ní wọ́ọ̀dù, a kì í bá a jà. A ó fa àga, a ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kì í dúró lé e lórí bí ọlọ́pàá. A ó wá bi í: kí ni oògùn yìí ń ṣe fún ọ? Kí ló ń ṣe sí ọ? Lẹ́yìn náà a ó dákẹ́. Mo ti jókòó ti bàbá kan fún bíi wákàtí kan kó tó là á fún mi pé látìgbà tóun ti ń lo tòun, òun ò lè sún mọ́ ìyàwó òun mọ́. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé olóríkunkun ni.

Ní ti ẹ̀kọ, jáwọ́ ńbẹ̀. Àbúrò rẹ da aró nù torí ó gbà pé wọ́n bu nǹkan sí i. Ìwọ náà wá ń bu nǹkan sí ẹ̀kọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá rí ẹ̀bù nísàlẹ̀ ife, o ti bá àìsàn náà jẹ́rìí nìyẹn. Mo mọ ẹnì kan tó kọ oúnjẹ ilé pátápátá nítorí irú rẹ̀, búrẹ́dì tí wọn ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró ní 1954, ilé àwọn ará abúlé ni àwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, òun ni yóò máa dáná fún un. Ẹni tó ń dáná fún aláìsàn lágbára lórí ìwòsàn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n kó má kàn dá oògùn náà dúró o. Àìsàn náà lè má padà lọ́jọ́ náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan kó tó yọjú. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì, ẹ padà lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Bí ibi tẹ́ ẹ ti ń gbàtọ́jú ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, dókítà ọpọlọ wà ní ọsibítù ìkọ́ni UNIOSUN níbí, wọ́n wà ní Ifẹ̀ náà. Dókítà lè dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Ó lè fi benzhexol tì í, èyí táwọn èèyàn ń pè ní Artane, fún ọwọ́ gbígbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má ra ìyẹn fúnra yín. Ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí olanzapine, tí kì í sábà mú ọwọ́ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ebi á máa pa á, á máa sanra, wọ́n á ní láti máa wọ̀n ọ́n kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ìdí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin wà pẹ̀lú. Irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ fluphenazine lè mú ọwọ́ gbọ̀n bákan náà, torí náà ẹ sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gún un.

Bí ọrùn rẹ̀ bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹyinjú rẹ̀ yí sókè tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gbé e lọ sílé àdúrà. Oògùn náà ni. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, abẹ́rẹ́ kan lè tú u sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó sì le gbagidi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a nílé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ó dùn mí. Ìgbà mìíràn wà tí aláìsàn ò lè ro ohunkóhun já, tí ewu sì wà. Dókítà àti ẹbí ló ń jókòó pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà yẹn, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì, kì í ṣe ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú ilé ìdáná. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ìtọ́jú ara rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Ayétòrò

Tíṣà ni mí, èmi fúnra mi ló ń lo oògùn ọpọlọ, ọdún kẹsàn-án rèé. Ìyàwó mi bu Largactil sínú ẹ̀fọ́ rírò fún mi rí. Oògùn yẹn korò, ó sì máa ń mú ahọ́n kú. Òkèlè kejì ni ahọ́n mi ti kú. N kò sọ nǹkan kan, mo kàn ń jẹun níta fún oṣù mẹ́ta, oògùn ò sì dé ẹnu mi rárá. Ọjọ́ tó wá bẹ̀ mí ni mo padà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ni agolo oògùn wà báyìí, mo ń fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà. Ó kàn máa ń bi mí lálẹ́ pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti sàmì?" Sọ fún un, Àbẹ̀kẹ́, kó tó bá a fúnra rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Aláró

Ẹ ṣeun gan-an mà, Màmá Nọ́ọ̀sì. Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun sà.

Mo ti sọ fún un. Ìdí pákó tá a ti ń tẹ́ aṣọ ni mo jókòó tì í lálẹ́ àná. Mo ní mo ti ń bu oògùn sí ẹ̀kọ rẹ̀, kó má bínú. Ó dákẹ́, ó pẹ́ gan-an. Ó ní òun ti mọ̀, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá tọ́ ọ wò ni. Mo wá bi í ní ìbéèrè méjì yẹn. Ó ní ó ń lé àwọn ará inú ògiri lọ. Nígbà tó kan èkejì, kò sọ̀rọ̀. Ó mú ìyẹ́, ó tì í bọ láfún, ó fà á láti etí aṣọ kan dé ìkejì. Ìlà náà ń wọ́ kiri bí ọ̀nà èèrà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Ta ló máa ra eléyìí?"

Ó ti gbà láti máa lò ó títí di Ọjọ́bọ̀ tá a máa lọ rí dókítà, bí mo bá máa bá a lọ, tí n kò sì ní gba ọ̀rọ̀ sọ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti gbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ di aṣọ yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má fọ láfún rẹ̀ kúrò. Ẹ mú ọ̀kan tó yà lọ́dún tó ṣáájú àìsàn dání pẹ̀lú. Kó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì dókítà.