Ta ló ń rí i pé wọ́n lo oògùn ibà tán?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ikọ̀ ìṣègùn ọ̀fẹ́ lọ sábúlé tó jìnnà rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni aláìsàn gbọ́dọ̀ lo artemether-lumefantrine, ìyẹn oògùn ibà, láàárín ọjọ́ 3, ọjọ́ 2 péré sì làwa ń lò lábúlé kí a tó padà. Nígbà tá a padà lọ, ìyá kan tú etí aṣọ rẹ̀, ó kó hóró 2 jáde: ara ọmọ ti yá, ló bá tọ́jú ìyókù de ẹlòmíì. Mi ò lè bá a wí, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwòrán oòrùn àti òṣùpá (àárọ̀ àti alẹ́) tá a yà sára páálí oògùn ò ràn wá lọ́wọ́ tó. Ṣé ará abúlé kan lẹ máa ń kọ́ kó máa ṣọ́ wọn ni? Báwo lẹ ṣe ń yàn án?