Báwo ni mo ṣe lè ka kálórì ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ń léfòó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka kálórì oúnjẹ ilé wa, ìdí ọbẹ̀ ni mo há sí.

Gàrí ò le. Gbígbẹ ni mo ń wọ̀n ọ́n kí n tó tẹ̀bà, nítorí omi ò ní kálórì, ìwúwo ló ń fi kún un. Gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ tó nǹkan bíi kálórì 350.

Ti ọbẹ̀, mo máa ń wọn ìkòkò lófìfo, mo wọn èròjà gbogbo, mo tún gbé ìkòkò lé ìwọ̀n nígbà tó bá jinná, mo wá pín àpapọ̀ kálórì fún gíráàmù ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹ̀wà. Àmọ́ ọbẹ̀ ata dídín ń dà mí láàmú: epo pupa ti ga lórí bí ìka kan, ẹni tó kọ́kọ́ bù ló kó o lọ. Ṣíbí ìjẹun epo kan sì tó kálórì 120. Bí mo bá ṣi ṣíbí méjì kà lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo kálórì 250 tí mo ń dín kù nínú oúnjẹ mi tán.

Mo ti gbìyànjú àtirò ó pọ̀; kí n tó mú àwo, ó ti yà. Mo dín epo kù, ará ilé ò jẹ ẹ́.

Tí mo bá ré epo orí, tí mo wọ̀n ọ́n, ṣé kí n yọ kálórì 9 kúrò fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan, àbí omi ata tó bá a wá pọ̀ débi tí iye yẹn yóò fi tàn mí?